Má Jẹ́ Kí Eléèébú Yan Ọ̀nà fún Ọ

Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ mú fóònù wá lánàá, ó ní kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn rẹ. A gbọ́ bí àwọn òǹwòran kan ní England lọ́hùn-ún ṣe ń ké bí ọ̀bọ mọ́ ọ. A tún gbọ́ pé o fẹ́ fi bọ́ọ̀lù àti iṣẹ́ wáyà tí ò ń kọ́ sílẹ̀, kí o máa bọ̀ wálé. Ariwo kì í ṣe tuntun sí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Campos níbí, àmọ́ ìwọ̀sí ni èyí. Ilé ò ní lé ọ. Kí o tó di ẹrù, gbọ́ ìtàn Walter Tull.

Folkestone ní England ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1888. Káfíńtà ọmọ Barbados ni bàbá rẹ̀; òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ìyá kú ní 1895, bàbá tẹ̀ lé e ní 1897, ni Walter àti Edward ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá di ọmọ ilé aláìlóbìí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ní Bethnal Green. Walter kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù.

Tottenham Hotspur gbà á ní 1909. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n lọ bá Bristol City, èébú àwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé e lórí láti ẹnu àwọn òǹwòran. Akọ̀ròyìn kan tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ pé kí àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ funfun wo ìwà Tull kọ́gbọ́n. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí Tottenham fi tì í sí ẹgbẹ́ wọn kejì.

Kò pa bọ́ọ̀lù tì. Ní 1911, ó kọjá sí Northampton Town lọ́dọ̀ Herbert Chapman tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ó sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lé ní 100 fún wọn.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́, ó wọ iṣẹ́ ológun ní oṣù kejìlá 1914, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Òfin ológun ìgbà náà ò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú di ọ́físà. Síbẹ̀, Tull di ọ̀kan ní oṣù karùn-ún 1917. Ní Italy, ó kó ọmọ ogun 26 sọdá odò Piave lóru, ó sì kó gbogbo wọn padà láàyè. Ọ̀gágun rẹ̀ kọ̀wé yìn ín.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1918, ìbọn pa á nítòsí Favreuil ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni ọdún 29 ni. Tom Billingham, tó ti jẹ́ aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Leicester Fosse, gbìyànjú láti wọ́ òkú rẹ̀ kúrò láàárín ọta ìbọn, kò ṣeé ṣe. Kò ní sàréè. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ògiri ìrántí ní Arras.

Ìgbà tí wọ́n mú ìdènà àwọ̀ kúrò lórí ipò ọ́físà ní 1939, ọmọ Èkó wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé: Peter Thomas di ọ́físà RAF, ìyẹn ẹ̀ka ológun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1942, ó sì kú sẹ́nu iṣẹ́ ní 1945.

Ọmọ mi, ohun tí bàbá rẹ rí nínú ọ̀rọ̀ Tull ni pé àwọn ará Bristol bú u, wọn ò yan ọ̀nà fún un. Bí o bá máa fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí ó jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Má sì dákẹ́. Tull ò rẹ́ni fẹjọ́ sùn, ìwọ rí. Sọ fún réfírì lójú ẹsẹ̀, sọ fún kápútéènì rẹ, kí ẹgbẹ́ rẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi tó àjọ Kick It Out létí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 nítorí irú ìwà yìí. Kọ aago tó ṣẹlẹ̀ àti apá ibi tí ohùn ti wá.

Iṣẹ́ wáyà ńkọ́? Parí rẹ̀, kí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, pe ìyá rẹ. Kò tíì sùn dáadáa.

Bàbá rẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó