Ẹrù Tí A Dì Ru "Pèsè"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti jókòó ti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì mi tí mo ń gbọ́ ìròyìn, ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara wí pé, "Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló ń pèsè sólà jù lọ lágbàáyé," gbólóhùn náà sì há mi lọ́fun bí eegun ẹja, kì í ṣe pé irọ́ wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe pé n kò mọ èwo nínú òótọ́ mẹ́ta ni ó ń sọ: ṣé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wa ohun tí a fi ń ṣe sólà nílẹ̀ ni, tàbí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, tàbí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wá fún wa?

Ẹni tí ó gbin iṣu kọ́ ni ó gún iyán, ẹni tí ó gún un sì lè má jẹ́ ẹni tí ó gbé e ka iwájú àlejò. Ẹni ìkẹyìn yìí nìkan ni àwọn baba wa ń sọ pé ó pèsè. Kí ohun wà ní sẹpẹ́ kí ẹni tí ń wá a tó dé, òun ni ìpèsè. Àwa la di ẹrù alágbẹ̀dẹ, ti amọ̀kòkò àti ti alájàpá pọ̀, tí a gbé gbogbo rẹ̀ ru ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wọ ilé tí sólà ti wá.

Pátákó aláwọ̀ aró tí ó wà lórí òrùlé, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní pánẹ́lì, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ púpọ̀ ni a tò sínú rẹ̀, sílíkọ́nì ni a sì fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì. Sílíkọ́nì kò ṣọ̀wọ́n: bí a bá wọn èèpo ilẹ̀ ayé sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 28 nínú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í dá wà, ó ti bá ọ́síjìn ṣe ìgbéyàwó nínú iyanrìn àti nínú òkúta funfun tí ń dán bí dígí.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀, nítorí ààmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya iṣẹ́ ńlá méjì sọ́tọ̀. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, àwọn baba wa yọ́ iyanrìn nínú ìkòkò amọ̀ títí ó fi di dígí, tí wọ́n sì fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àfọ́kù ìkòkò náà, tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ títí di òní. Yọ́ ni wọ́n yọ́ ọ. Àwọn tí ń wá sílíkọ́nì ń kó òkúta náà pọ̀ mọ́ èédú, wọ́n sì ń fi iná mànàmáná mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 2,000 Celsius, kí èédú lè gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀, kí sílíkọ́nì sì kù ní òun nìkan. Yọ ni wọ́n yọ ọ́, bí a ti ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Bí dígí ti gbóná tó, ọ́síjìn rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà akọ̀wé tí ó bá kọ "wọ́n yo iyanrin" láìfi ààmì sí i, kò tíì sọ fún wa bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ni àbí sẹ́ẹ̀lì.

Èyí tí a yọ bẹ́ẹ̀ mọ́ dé 98 tàbí 99 nínú 100, kò sì tíì tó. Wọ́n á fi ásíìdì sọ ọ́ di omi kan tí oòrùn ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà nílẹ̀ wa tó mú hó, nítorí ìwọ̀n 32 péré ni ó ti ń hó, wọ́n á sì máa sè é ní àsètúnsè, kí ooru rẹ̀ gba inú páìpù lọ, kí ó tutù, kí ó tún di omi, kí ìdọ̀tí sì kù sẹ́yìn. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé wọ́n "sẹ́" ẹ, ṣùgbọ́n ògì là ń sẹ́, gààrì là ń jọ̀. Ohun tí a fi iná yà kúrò lára ohun, àwọn ará wa ní ilẹ̀ omi Ìlàjẹ tí ń se ògógóró ti fún wa ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: sísè ni. Nígbà tí wọ́n bá parí, tí wọ́n sì sọ omi náà di sílíkọ́nì padà, èyí tí ó dára jù lára rẹ̀, bí a bá ka èérún rẹ̀ ní bílíọ̀nù kan, àlejò tí ó wà láàárín wọn kì í ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má pe èyí ní "mímọ́" lásán, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún abọ́ tí a fọ̀. Aláìlábùlà ni kí ẹ pè é, bí ẹmu ìdí ọ̀pẹ tí omi kò kàn. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí ni wọ́n á tún mọ̀ọ́mọ̀ fi bórọ́ọ̀nù bíńtín sí i kí iná lè rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀, mo sì ti rí ìwé tí ó pe ìyẹn náà ní àbùlà. Iyọ̀ kì í ṣe àbùlà ọbẹ̀, omi ni.

Àwọn atúmọ̀ èdè ń wí pé wọ́n ń "gbin" sílíkọ́nì. Kò sí ẹni tí ń gbin ín. Wọ́n á yọ́ ọ nínú ìkòkò ní ìwọ̀n 1,414, wọ́n á ki ẹ̀ka sílíkọ́nì kékeré kan bọ̀ ọ́ lójú, wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀, bí ó sì ti ń bọ̀ ni yóò máa dì mọ́ ọn, bí ẹ̀kọ gbígbóná ti í dì mọ́ ṣíbí tí a yọ sínú atẹ́gùn ọyẹ́. Jan Czochralski, ọmọ Poland, ni ó rí ọgbọ́n náà ní Berlin ní ọdún 1916. Wọ́n ní ó fẹ́ ki kálàmù bọ inú tàdáwà ni, tí ó ṣèèṣì kì í bọ inú tíìnì yíyọ́, tí okùn tíìnì tẹ́ẹ́rẹ́ sì tẹ̀lé kálàmù náà jáde. Fà àti dì: ọ̀rọ̀ méjèèjì tó.

Ìtì tí wọ́n fà jáde ni wọ́n ń rẹ́ sí pẹlẹbẹ tí kò nípọn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Wọ́n á fi ooru mú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wọ ojú rẹ̀, wọ́n á fi ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà bò ó, òun ni ó ń fún un ní àwọ̀ aró, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ ìlà fàdákà sí i lójú. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta rí aláàdìrẹ tí ó gbé batánì lé aṣọ, tí ó ń fi abẹ ti ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò rẹ̀ kọjá, ti rí bí wọ́n ti ń ṣe é. Títẹ̀ ni, kì í ṣe kíkọ, kì í sì í ṣe yíyà. Sísun sì ni wọ́n ń sun ún lẹ́yìn rẹ̀, bí a ti ń sun ìkòkò, kí fàdákà lè wọra.

Rírọ ńkọ́? Mo ń gbọ́ "ilé-iṣẹ́ tí ń rọ sólà." Níbi tí Ògún Onírè kò ti fi ọmọ owú lu irin, ẹ má jẹ́ kí á pe iṣẹ́ ní rírọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé-iṣẹ́ NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ní Karshi lẹ́bàá Àbújá ni títò: wọ́n ń to sẹ́ẹ̀lì tí a rà wá láti òkèèrè pọ̀ sábẹ́ dígí, ó di pánẹ́lì. Ó dùn mí pé títò nìkan ni a dé, bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn funfun Igbókọ̀dá ń bẹ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pe títò ní ṣíṣe, a kò ní mọ̀ pé ọ̀nà ṣì jìn.

Ní ti Ṣáínà, IEA, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ agbára, kọ ọ́ ní 2022 pé kò sí ìpele kan nínú iṣẹ́ náà tí ọwọ́ wọn kò ju 80 nínú 100 lọ. Kí ọmọ ìròyìn wa wí pé àwọn ló ń ṣe sólà jù, a ó gbà. Ní ti "pèsè" fúnra rẹ̀, ìlú kékeré kan ń bẹ ní North Carolina ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Spruce Pine, tí òkúta funfun rẹ̀ mọ́ débi pé òun ni wọ́n ń wá fi mọ ìkòkò tí a ti ń yọ́ sílíkọ́nì. Wọ́n ń wà á, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí àwọn tí ń mọ ìkòkò. Nígbà tí ìjì Helene dé ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2024, tí àgbàrá bo ojú ọ̀nà, tí iṣẹ́ sì dúró níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta náà, ẹni tí ó bá kọ ọ́ nígbà náà pé "ìlú tí ń pèsè òkúta ìkòkò ti dáwọ́ dúró" kò ṣi "pèsè" lò rárá.