Abẹ́rẹ́ Họ́móònù Kò Gbọdọ̀ Já

Ẹ̀yin dókítà ọmọ mi tí ẹ ní ilé ìwòsàn kéékèèké ní Akówọnjọ àti Ẹgbẹ́dá, ọ̀dọ̀ yín ni bàbá tí ìtọ̀ ń dí yóò kọ́kọ́ wá, kí ó tó dé Ìgàndò tàbí Ìdí-Àràbà. Bí jẹjẹrẹ prostate bá ti wọ egungun, chemo á wá, á lọ. Ìtànṣán á wá, á lọ. Ìtọ́jú họ́móònù ni kì í dáwọ́ dúró. Mo ti rí i tí wọ́n pa abẹ́rẹ́ họ́móònù oṣooṣù tì nítorí pé chemo ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni.

Láti 1941 ni Charles Huggins ti fi hàn pé àìsàn yìí ń rọlẹ̀ bí testosterone bá wálẹ̀. Ní 2015, ìwádìí CHAARTED fi hàn pé ẹni tí tirẹ̀ ti tàn gan-an ń jèrè tí a bá fi chemo docetaxel ìgbà mẹ́fà kún ìtọ́jú họ́móònù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2018, ìwádìí STAMPEDE fi hàn pé títan ìtànṣán sí prostate fúnra rẹ̀ ń fa ẹ̀mí àwọn tí tiwọn kò tíì tàn púpọ̀ gùn; kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kù. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo bàbá lọ síbi ẹ̀rọ ìtànṣán NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní 2019. Ti egungun tó ń ro yàtọ̀ o: ìtànṣán lè dín ìrora yẹn kù fún ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ̀yìn bá ń ro bàbá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rọ, ẹ má fún un ní abẹ́rẹ́ họ́móònù goserelin nìkan. Testosterone á kọ́kọ́ ròkè kí ó tó wálẹ̀, ìyẹn sì lè rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ pátápátá. Ẹ fi bicalutamide ṣíwájú, tàbí kí a yọ kóró ẹpọ̀n. Ní tèmi, ẹni tí owó abẹ́rẹ́ oṣù tó ń bọ̀ kò dá lójú, iṣẹ́ abẹ ni mo máa ń dábàá fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san án. Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà fún un láìfi bò, kí ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ bí ó bá fẹ́.

Ara gbígbóná lẹ́yìn chemo ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn docetaxel, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ pátápátá. Kẹ́míìsì á ní ibà ni, á di oògùn ibà fún bàbá náà, kòkòrò sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì fún un pé ó ń gba chemo, pé bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C kí ó wá lọ́jọ́ náà, lóru pàápàá, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i.