Ṣe Èyí, Má Ṣe Tọ̀hún: Òfin Ìlera fún Agboolé Ọjàaba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunka n'Íbàdàn

Ògiri kan ara wọn, kànga kan ni gbogbo agboolé ń fà. Òfin nìyí.

OMI

Ṣe: Bo kànga. Korobá kan ṣoṣo ni kí a máa fi fà á. So ó kọ́.
Má ṣe gbé korobá náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Adìẹ ti tẹ ibẹ̀.

Ṣe: Se omi mímu títí yóò fi hó yaya.
Má ṣe gbọ́kàn lé álọ́ọ̀mù. Ó ń mú omi mọ́ lójú ni, kì í pa kòkòrò àrùn.

Ṣe: Wọn àyè kànga sí ṣáláńgá. Bí kò bá tó mítà 30, fi omi rẹ̀ fọṣọ.
Má ṣe sọ pé àwọn bàbá wa mu ún. Èrò kò pọ̀ tó báyìí nígbà náà.

ÌDỌ̀TÍ

Ṣe: Di pàǹtí sápò, gbé e fún akólẹ̀.
Má ṣe dà á sí gọ́tà bí òjò bá ṣú; odò Ògùnpa ya ní 31 August 1980, omíyalé tún ṣọṣẹ́ n'Íbàdàn ní 26 August 2011.

Ṣe: Da ìgbẹ́ ọmọ sí ṣáláńgá.
Má ṣe dì í sí láílọ́ọ̀nù jù sẹ́yìn ilé. Ìgbẹ́ ọmọ náà ń tan onígbáméjì.

Ṣe: Fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọwọ́.
Má ṣe fi omi abọ́ kan fọ ọwọ́ gbogbo ilé.

OÚNJẸ

Ṣe: Kó èlùbọ́ àti gàrí sínú ike tó ní ìdérí, eku ló ń gbé ibà Lassa.
Má ṣe sá wọn sí etí títì.

Ṣe: Fi ata gbígbẹ sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.
Má ṣe da oògùn apakòkòrò sí i; ènìyàn ló máa jẹ ẹ́.

ÌGBẸ́ GBUURU

Ṣe: Po ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, sínú omi lítà 1, ìyẹn píọ́ wọ́tà méjì. Bí kò bá sí, ṣíbí ìpotíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kó má kún kọjá ẹnu ṣíbí.
Má ṣe dá ọmú tàbí oúnjẹ dúró.

Ṣe: Bí ìgbẹ́ bá funfun bí omi ìrẹsì, sáré lọ sí ilé ìwòsàn, máa fún un lómi lójú ọ̀nà.
Má ṣe ra oògùn adágbẹ̀ẹ́dúró fún ọmọ ní kẹ́mísì.

IBÀ ÀTI GÍRÌ

Ṣe: Jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí o sì lo oògùn ibà pé ọjọ́ 3.
Má ṣe ra oògùn àpòpọ̀.

Ṣe: Bí gírì bá gbé ọmọ, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tú aṣọ ọrùn rẹ̀, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.
Má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, má ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọná, má ṣe fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù; ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí dúró.

ABOYÚN ÀTI ỌMỌ

Ṣe: Forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí oyún tó pé oṣù 3.
Má ṣe jókòó sí ilé àdúrà bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya. Àdúrà á bá a dé ilé ìwòsàn.

Ṣe: Bí o bá ń lọ bímọ, sọ fún ọlọ́kadà pé ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ti Yemẹtu ni.
Má ṣe pe "Adéọ̀yọ́" lásán. Òmíràn wà ní Ring Road.

Ṣe: Gba àjẹsára lọ́jọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ní oṣù 9 àti 15. Ọ̀fẹ́ ni.
Má ṣe sọ káàdì nù.

Ṣe: Mú ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ gba àjẹsára HPV.
Má ṣe gbọ́ ti ẹni tó ní ó ń sọni di àgàn. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló ń dènà.

IKỌ́ ÀTI ÈÉFÍN

Ṣe: Bí ikọ́ bá pé ọ̀sẹ̀ 2, gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀.
Má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Oṣù 6 ni.

Ṣe: Gbé jẹnẹrétọ̀ síta, jìnnà sí fèrèsé.
Má ṣe tàn án sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pani sójú oorun.

BAÁLÉ ÀTI ÌYÁÁLÉ

Ṣe: Yan ẹni tí yóò gbé aláìsàn dé títì, mọ́tò kì í dé gbogbo ẹnu ilé.
Má ṣe dúró di òru kí o tó máa wá a.

Ṣe: Forúkọ agboolé sílẹ̀ lọ́dọ̀ OYSHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí ara ṣì le.
Má ṣe rò pé ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni.

Ṣe: Yọ owó àìsàn sọ́tọ̀ nínú àjọ.
Má ṣe ra aṣọ ẹbí òkú ẹni tí o kò dáwó oògùn fún.

Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ ilé kà á sí i létí.