Ọkọ̀ tó ń kọ̀ láti dáhùn kọ́kọ́rọ́: Ẹ jẹ́ kó sọ ibi tó ń dùn ún kẹ́ ẹ tó náwó

Ọkọ̀ tó bá kú pátápátá kì í fi bẹ́ẹ̀ dààmú oníṣòwò. Wọ́n á wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á rí ohun tó bàjẹ́, owó á jáde, ọ̀rọ̀ á parí. Èyí tó ń jẹ owó ni ọkọ̀ tó jí lọ́jọ́ Ajé, tó jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó wá di Ọjọ́rú tí ọjà ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu, tó ní òun kò lọ. Wọ́n á sáré pe mẹkáníìkì. Bí ìyẹn bá ti dé, tó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọkọ̀ á dáhùn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é rí. Kí ni mẹkáníìkì fẹ́ ṣe? Àbá ló kù tó máa dá, àbá yẹn lẹ ó sì fi owó rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó obì, gààrí àti èso oko láti Ìsarà lọ sí Ṣàgámù, Ìbàdàn tàbí Èkó mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, apá kan gbé yín lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, apá kejì gbé yín lọ sí ọjà páàtì Àràrọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn. Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí páàtì rà kò ṣòro. Bóyá ìyẹn gan-an ló ń kó wa sí wàhálà, nítorí ohun tó bá rọrùn láti rà ni a máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Ká ní bátìrì tuntun jẹ́ N90,000, kíìkì tòkunbọ̀ jẹ́ N60,000, owó iṣẹ́ sì jẹ́ N20,000. N170,000 ti lọ nìyẹn. Bó bá wá jẹ́ pé orí bátìrì tó dípẹtà ni kò jẹ́ kí iná kọjá, omi gbígbóná àti sáńpépà ì bá ti tó. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí o, a kò sì tíì ka oníbàárà tó dúró títí tó fi lọ ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí gbogbo dẹ́rẹ́bà máa ń sọ ni pé, "Ọ̀gá, kò sítáàtì." Ọ̀rọ̀ yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi í ni pé: nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì yí àbí kò yí? Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, ẹ gbàgbé epo, ẹ gbàgbé plọ́ọ̀gì. Ọ̀rọ̀ bátìrì, wáyà, ibi kọ́kọ́rọ́ àti kíìkì ni. Bó bá ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò mú, ẹ má ṣe fọwọ́ kan kíìkì, ìyẹn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú èyí tí kì í yí, nítorí òun ló pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kẹ́nì kan máa wò ó bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. (Bó bá jẹ́ irú ọkọ̀ tó máa ń pa iná iwájú fúnra rẹ̀ nígbà náà, ẹ lo iná inú ọkọ̀.) Bí iná bá wálẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, iná ń gbìyànjú láti dé ọ̀dọ̀ kíìkì, ṣùgbọ́n agbára kò tó: bátìrì ti rẹ̀, tàbí orí rẹ̀ dọ̀tí, tàbí kíìkì fúnra rẹ̀ há. Bí iná kò bá yẹ̀ rárá, tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn kankan, àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ kíìkì nìyẹn. Ẹ wo ibi kọ́kọ́rọ́, rílè, àti wáyà tín-ín-rín tó lọ sórí kíìkì. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ọ̀tòmátíìkì, ẹ gbé jíà kúrò ní P bọ́ sí N kẹ́ ẹ tún un yí. Bó bá dáhùn ní N, suwíìṣì ìdí jíà ni ọ̀daràn.

Ó tún ku ẹ̀kẹta: kó dún "káù" lẹ́ẹ̀kan, kí iná iwájú má sì wálẹ̀. Àwọn Toyota àtijọ́ ni wọ́n mọ̀ mọ́ èyí. Bàbà kékeré méjì wà nínú kíìkì wọn tó máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyí tó fi máa ń mú lónìí tí kì í mú lọ́la. Ríwáyà tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ bàbà náà láìra odindi kíìkì. Bí wọ́n bá fi igi kan kíìkì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tó sì dáhùn, inú kíìkì náà ni wàhálà wà, ìgbàlà ọjọ́ kan ni igi yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi mọ́jú, máa ń fi fóòtì 12.6 hàn, bó bá jẹ́ 12.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì; bó bá jẹ́ 12, kò fi bẹ́ẹ̀ ku nǹkan kan. Nígbà tí kíìkì bá ń yí ẹ́ńjìnnì, kò yẹ kó lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 9.6 lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.5 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Bó bá wà ní 12 síbẹ̀, ọ́tánétọ̀ kò gba iná sínú bátìrì, bátìrì tuntun kò sì ní yanjú ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu mítà kan gún irin bátìrì gan-an, kẹ́ ẹ fi èkejì gún irin wáyà tó dì í mú, kí dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bó bá fi ìdajì fóòtì hàn, ibẹ̀ ni iná ń ṣòfò sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ríwáyà kì í wò ó.

Ohun kan wà tí àwọn kan ṣì ń ṣe: wọ́n á yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ dára. Ẹ má gbà fún wọn. Ó lè jó ọ́tánétọ̀ náà àti ọpọlọ ọkọ̀, èyí tó wọ́n ju ohun tí wọ́n ń wá lọ.

Èyí tó ń yí tí kò mú ńkọ́? Epo tàbí iná plọ́ọ̀gì ló sọnù. Nínú ọkọ̀ tó ń lo nọ́súlù, ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́: lára ọ̀pọ̀ wọn, pọ́ǹpù epo máa ń kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá kùn lọ́jọ́ tó kọ̀, ẹ yẹ fíúsì àti rílè rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sọ táǹkì kalẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn ló máa ń kọ̀, tó sì máa ń gbà bó bá ti tutù, ooru ni ẹ ń bá jà: sẹ́nsọ̀ ẹ́ńjìnnì, kọ́ìlì, tàbí, nínú Peugeot 504 tó ń lo kábúrétọ̀, epo tó ń hó nínú páìpù. Ọkọ̀ tó wá láti Yúróòpù láti ọdún 1998 síwájú sábà máa ń ní ẹ̀rọ tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ nítorí olè. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì dán an wò.

Nítorí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń kọ̀, ìwé pélébé kan inú ọkọ̀ lè wúlò ju mẹkáníìkì mẹ́ta lọ. Kí dẹ́rẹ́bà kọ wákàtí, bóyá ẹ́ńjìnnì gbóná tàbí ó tutù, bóyá òjò rọ̀, bó ṣe dún, àti ohun tó ṣe kó tó gbà. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ nìkan ló ń kọ̀, ẹ fura sí bátìrì, tàbí rédíò àti álààmù tó ń fa iná mọ́jú. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò, wáyà plọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá ti jókòó sínú gọ́tà ọ̀nà kó tó kọ̀, wáyà kan ti tú níbì kan. Bí títì bá jí i, bátìrì tàbí kíìkì ni, epo àti plọ́ọ̀gì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì nìkan lèyí ṣeé ṣe fún o.

Bó bá wá di dandan kẹ́ ẹ ra kíìkì tòkunbọ̀, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ fi ẹyin rẹ̀ àti ihò bóòtì wé ara wọn. Kí olùtajà so ó mọ́ bátìrì lójú yín, kó yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá léraléra, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fọwọ́ mú un mọ́lẹ̀ dáadáa bó bá ń yí, ó máa ń fò.