Àpótí tó mọ aṣọ kà, tí kò mọ ẹja inú agolo kà

Nínú ètò tọ̀sẹ̀ yìí, mo mẹ́nu ba ìbéèrè kan tí màmá mi bi mí, àyè ò sì gbà mí láti dáhùn rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ síbí.

Màmá wá kí wa láti Ìbàdàn, mo sì mú wọn lọ sí Uniqlo ní London. Aṣọ márùn-ún la mú. Nígbà tá a dé ibi ìsanwó, a ò bá èèyàn kankan níbẹ̀, àpótí ńlá kan la bá. Mo ní kí wọ́n da gbogbo aṣọ náà sínú rẹ̀ wuruwuru. Kí wọ́n tó gbọ́wọ́ kúrò, iye owó ti jáde. Màmá wò mí: "Ta ló sọ fún un?"

Lọ́jọ́ kejì a lọ ra ìrẹsì, omi àti ẹja inú agolo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń gbé wọn síwájú ẹ̀rọ, píì, píì, píì. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ló dé tí wọn ò gbé àpótí àná wá síbí?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Nínú páálí kékeré tí wọ́n kọ iye owó aṣọ sí, áńtẹ́nà tín-ín-rín kan wà, ṣíìpù tó kéré ju orí èèrà lọ sì wà láàárín rẹ̀. RFID lorúkọ rẹ̀. Àmì rédíò ni màá máa pè é. Kò ní bátìrì. Àpótí yẹn ló máa fọ́n ìgbì rédíò sí i, agbára inú ìgbì náà ló máa jí ṣíìpù, òun náà á wá dá díẹ̀ padà láti fi pe nọ́ńbà ara rẹ̀. Ẹ rò ó bíi kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí: dígí ò ní iná tirẹ̀, àmọ́ ó lè ta iná tiyín padà.

Tí ogún àmì bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pọ̀ ńkọ́? Wọ́n á ṣẹ́ kèké ni. Ẹ̀rọ á ní kí kálukú mú nọ́ńbà kan, ẹni tó bá mú òdo ló máa sọ̀rọ̀. Tí méjì bá jọ mú un, wọ́n á tún un ṣẹ́. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ kíyè sí "kà". À ń ka ìwé, a sì ń ka owó. Ẹ̀rọ yìí ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Báákóòdù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1974 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ta ṣingọ́ọ̀mù Wrigley ní ìlú Troy, ní Ohio, irú ọjà ló máa ń sọ, kì í sọ èyí tó jẹ́ gan-an nínú wọn.

Kí ló wá dé tí kò ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ? Omi máa ń gbé ìgbì yẹn mì, irin sì máa ń ta á dà nù. Ẹ wo agbọ̀n wa lọ́jọ́ yẹn: omi, agolo. Àmì tó lè ṣiṣẹ́ lára irin wà o, àmọ́ ó nípọn, ó sì wọ́n.

Owó gan-an ló le jù. Ní 2017, ìjọba Japan àti ilé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké márùn-ún, Seven-Eleven wà lára wọn, sọ pé àwọn máa fi àmì rédíò sára ọjà 100 bílíọ̀nù lọ́dún tó bá fi máa di 2025, tí iye owó àmì kan bá lè wálẹ̀ sí yen 1. Ọdún 2025 dé, àmì oní-yen-kan ò dé. Lára aṣọ £20, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n ná pẹ́ńsì díẹ̀ sí i? Lára páálí indomie ńkọ́? Tún wò ó: Uniqlo ló ń ní kí wọ́n rán aṣọ rẹ̀, nítorí náà láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi àmì sí i. Ta ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ àlùbọ́sà? Kódà Amazon, tó fi kámẹ́rà ṣọ́ ohun tí èèyàn mú ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ rẹ̀ nígbà kan rí, àmì rédíò ló yíjú sí ní 2023 nígbà tó kan aṣọ.

Ó ku èyí tó ń kọ mí lóminú jù. Tí àmì méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ọ̀kan lè bo èkejì. Owó ọjà yẹn, ṣọ́ọ̀bù ló pàdánù. Àmọ́ bí agogo bá dún lẹ́nu ọ̀nà, àwa ni olùṣọ́ máa dá dúró, ẹ sì mọ irú ojú tí wọ́n máa fi ń wo èèyàn dúdú tó gbé báàgì dání. Mi ò lè bá a jiyàn pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, a wà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó ní irú àpótí yẹn. Mo ti na káàdì síwájú nígbà tí Màmá gbá mi lọ́wọ́. "Dúró ná. Mẹ́fà la kó síbẹ̀. Márùn-ún ló kọ." Ìbọ̀sẹ̀ méjì ló wọnú ara wọn. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀rọ tún un kà, ó di mẹ́fà. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan ibi ìsanwó, Màmá á ti máa ka aṣọ lábẹ́ ètè: ení, èjì, ẹ̀ta.