Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Ti Yọ Ọlọ Inú, Kò Sí Ohun Tó Ń Jẹ́ "Ibà Lásán"



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan wọlé wá bá wa níbi tí a ti ń ta oògùn. Ó ní, "Dókítà, ara bàbá àwọn ọmọ mi ń gbóná, òtútù sì ń mú wọn. Ibà lásán ni, ẹ sáà fún mi lóògùn ibà." A bi í bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá náà rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé wọ́n já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, wọ́n sì yọ nǹkan kan nínú ikùn wọn. Ó tún ní wọ́n ní àtọ̀gbẹ. A dáhùn pé, "Ìyá, ẹ má bínú, a kò ní ta oògùn yìí fún yín. Ilé ìwòsàn ni ẹ máa gbé wọn lọ báyìí, kì í ṣe lọ́la." Al-hamdu lillāh, wọ́n tètè dé ibẹ̀, wọ́n sì gba ìtọ́jú. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, àwọn tó ń gun ọ̀pẹ máa ń já bọ́, ọ̀kadà sì máa ń gbá ènìyàn. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí kò tóbi ju ìkúùkù lọ, tó sì tètè máa ń fọ́ nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Òun ni ọlọ inú, tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dá, wọ́n á yọ ọ́ kí ẹ̀mí má baà bọ́.

Ènìyàn lè wà láàyè láìsí ọlọ inú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Ó dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń mú èyí tó ti gbó kúrò, ó sì ń gbá kòkòrò àrùn mú, pàápàá àwọn tó ń fa òtútù àyà àti àrùn yírunyírun. Ó tún ń ran ara lọ́wọ́ láti bá ibà jà. Ní ọdún 1952, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, King àti Shumacker, kọ̀wé nípa ọmọ ọwọ́ márùn-ún tí àrùn líle kọlù lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọlọ inú wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé, lára ẹni tí kò ní ọlọ inú, ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ara gbígbóná lè di ikú láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Bí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bá tún wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di méjì. Àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ pẹ́ kó tó jiná, ó sì ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù. Kòkòrò náà, ní tirẹ̀, á tún mú kí ṣúgà ròkè sí i. Àyẹ̀wò ṣúgà olóṣù mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní HbA1c pàápàá lè máà sọ òótọ́ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, torí náà ẹ rán dókítà létí. Ẹ má sì jẹ́ kí òkèlè púpurú pọ̀ jù nínú abọ́.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá ra ibuprofen tàbí diclofenac nítorí ojú ọgbẹ́ tó ń ro ó. Wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bákan náà, ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè dì lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọlọ inú. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, kí aláìsàn dìde, kó máa rìn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tàbí inú bá ń ro ó gan-an, ẹ padà sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin òbí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọlọ inú ọ̀pọ̀ ọmọ SS máa ń kú fúnra rẹ̀ láti kékeré, bí wọn kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ kankan. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, nítorí náà ẹ ṣàyẹ̀wò kí ẹ tó so yìgì.

Kí ni ká ṣe?

1. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára fún òtútù àyà, yírunyírun àti Hib. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí ẹ máa tún un gbà.

2. Bí dókítà bá ní kí ẹ máa lo penicillin lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti le.

3. Bí ara bá gbóná tàbí òtútù bá ń mú aláìsàn, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Bí ajá bá bù ú jẹ, bákan náà ni.

4. Kó máa sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kó sì béèrè oògùn ìdènà ibà lọ́wọ́ dókítà.

5. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan pé wọ́n ti yọ ọlọ inú rẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo àìsàn àti oògùn rẹ̀ sí i, àgbo náà pẹ̀lú. Kí ìwé náà máa bá a lọ síbi gbogbo.

6. Bí omi bá lè pa ojú ọgbẹ́ lára, ẹ bi Aláfáà nípa tàyámámù. Ní ti Ràmàdáánì, ẹ lọ rí dókítà ṣáájú oṣù náà. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 185, pé kí aláìsàn san ààwẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ gbé e lè lo oògùn ẹlẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nígbà sààrì àti ìṣínu.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára yìí lè wọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Ẹ jẹ́ kí jamáà kọ̀ọ̀kan dá sàráà fún un. Ànábì wa (SAW) gbà wá níyànjú pé ká wá ìwòsàn, títètè wá a sì wà lára rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Āmīn.