Ìbejì Tí Wọ́n Fi Iṣẹ́ Abẹ Gbé Jáde: Ta Ni Táíwò?

Oyún ìbejì ìyàwó àbúrò mi kò ju oṣù méje lọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ru. Kí ìyá àtọmọ má bàa bọ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sáré ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ìyá wa bi mí pé ta wá ni Táíwò. Ẹni tí dókítà kọ́kọ́ gbé jáde ni. Òun ló kọ́kọ́ tọ́ ayé wò; Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́ ṣì ni ẹ̀gbọ́n. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, abẹ ò lè pa á dà. Ẹ ṣáà ní kí nọ́ọ̀sì sàmì sí wọn lọ́wọ́.

Òtútù lọ̀tá ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé. Bí dókítà bá ti gbà, kí ìyá gbé wọn lé àyà, kí ara kan ara.

Ifá ò ní ká rúbọ ká má lọ ilé ìwòsàn.